Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Àánú Dé Gánà, Okota Ni Kó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló délẹ̀ l'ọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń fọn fèrè mọ́ yín létí láti Cele dé Ago Palace o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí bàbá yín fi ń lọ s'óko, tí tíṣà ayé ọjọ́un fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'ọ́jọ́ Ìsinmi. Ayé ti yí. Wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ náà ṣàánú báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹnì kan á dìde, á ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun wa kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹni tó wọ mọ́tò gan-an, á rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Á wá tọ ará, ọ̀rẹ́ àti oníbàárà lọ pé, "Bí mo bá gùn ún dé, èló lẹ máa fi ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́?" Oníkálukú á dá iye tí agbára rẹ̀ ká. Ẹgbẹ́ aláàánú tàbí ilé ìwòsàn ló máa gba owó. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, ìrora itan ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, ẹ bi wọ́n wò. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti London lọ sí Brighton létí òkun, máìlì 54, ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n sì ń rí níbẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ọkàn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1980, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Starr kó èèyàn 36 jọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì rí 10,200 dọ́là kó fún ilé ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Dana-Farber. Èèyàn 36 péré o, kò kún bọ́ọ̀sì ńlá kan. Wọn kò dúró, ọdọọdún ni wọ́n ń gùn ún. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, àpapọ̀ owó tí wọ́n ti kó jọ ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn. Olabisi Ajala tí Ebenezer Obey fi kọrin, tí gbogbo yín mọ̀ ní arìnrìn-àjò, kó tó di pé ó gun Vespa káàkiri ayé, ó ti gun kẹ̀kẹ́ ní 1952 láti Chicago dé Los Angeles, ó lé ní 2,000 máìlì, pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ wa lọ́rùn. Ti Ajala kì í ṣe ti owó àánú. Ó fẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ irú èèyàn tí à ń jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní àìpẹ́ yìí, ní ọdún 2022, Kunle Adeyanju tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ní Ikoyi gbéra ní London ní ọjọ́ 19 oṣù April, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù May. Ọjọ́ 41 gbáko. Owó tí wọ́n ó fi lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò láyé ló ń wá. Alùpùpù ló gùn nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè ní kò ní ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ alùpùpù yẹn, ọkùnrin yìí kan náà ti fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ rìn láti Èkó dé Accra rí.

Ọjọ́ tí irú wọn bá dé ni ayé máa ń rí: ìlù, fọ́tò, ìdìmọ́ni. Oṣù tí wọ́n fi múra kì í hàn nínú fọ́tò. Oṣù wọ̀nyẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà, torí pé ọ̀dọ́ tó rí fọ́tò Adeyanju lè ní òun náà fẹ́ ṣe é, kí ó ya kẹ̀kẹ́, kí ó sì gbéra l'ọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ká ní kápẹ́ńtà kan wà ní àdúgbò Ago, ní Okota. Ọmọ ọdún 34. Ìyá rẹ̀ ń ta ata l'ọ́jà Ìsọlọ̀. Ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

"Màámi, ẹ kú ìsinmi o. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé Accra."

"Accra wo? Accra tí mo mọ̀ yìí? Ta ló sọ fún ọ pé bọ́ọ̀sì tán ní Mile 2?"

"Màámi, kì í ṣe ti bọ́ọ̀sì. A fẹ́ fi kó owó jọ fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kúkú dá owó náà, kí ìwọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àbí kẹ̀kẹ́ ni yóò wo àrùn ọ̀hún ni?"

Ìyá yìí kò purọ́ o. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ra kẹ̀kẹ́ láìní èsì sí ìbéèrè yẹn lẹ́nu. Èsì náà sì wà. Ìyá aláta mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, bó bá rò ó dáadáa. Bí wọ́n bá kàn na ọwọ́ ìtọrẹ síni, èèyàn á ní òun kò tíì tà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àdúgbò bá ń jí ní agogo márùn-ún àárọ̀, tó ń làágùn, tó ń ṣubú, tó ń dìde, tí ẹ ń rí i lójoojúmọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù yín fún oṣù mẹ́fà, ojú á tì yín láti má fún un. Èèyàn 36 ti Amẹ́ríkà yẹn kò ní oògùn kankan ju ìyẹn lọ.

Àrùn náà ńkọ́? Ẹ wo oríta, ẹ wo abẹ́ afárá. Ọkùnrin tó jókòó sórí pátákó onítáyà kéékèèké, tó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ láàárín mọ́tò, púpọ̀ nínú irú wọn, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ní ọdún 1985 ni ẹgbẹ́ Rotary bẹ̀rẹ̀ ètò àti lé e lọ. Nígbà tí gbogbo ayé fi ọwọ́ sí i ní 1988, iye ọmọ tí àrùn yìí ń sọ di arọ lọ́dún kan ń lọ sí 350,000. Nàìjíríà wà lára ibi tó ti le jù. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan l'ókè Ọya dá oògùn náà dúró torí àhesọ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn, àrùn sì tún gbèrú, ó tilẹ̀ ti ibẹ̀ ràn dé ilẹ̀ mìíràn. Bíi ká ní a ń gba ilé, kí ẹnì kan máa da ilẹ̀ padà sí i lẹ́yìn ẹni. Ní Borno ní 2016 ni wọ́n ti rí èyí tó gbẹ̀yìn nínú irú rẹ̀ tó ti wà látayébáyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù August 2020 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú yẹn.

Ẹ má wá rò pé ó tán o. Irú mìíràn wà tó ń yọjú ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí àwọn tó gbé àpótí oògùn bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i. Ẹ̀kán méjì péré ni wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Owó sì ni wọ́n fi ń ra àpótí, owó ni wọ́n fi ń ra yìnyín tí oògùn kò fi ní í bàjẹ́, owó ni wọ́n fi ń san fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé abúlé tí kò sí ọ̀nà. Èsì tí kápẹ́ńtà máa fún ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ẹsẹ̀.

Láti Okota dé Accra lé ní 450 kìlómítà: nǹkan bí 115 dé Kútọnu, nǹkan bí 150 láti Kútọnu dé Lomé, èyí tó kù lé díẹ̀ ní 190. Kápẹ́ńtà á ní, "Mo lágbára, pákó ni mò ń gbé lójoojúmọ́." Òótọ́ ni, ó lágbára. Agbára pákó yàtọ̀. Gbé e, sọ ọ́ kalẹ̀, mí, ìyẹn ni ti pákó. Ti kẹ̀kẹ́, wákàtí mẹ́fà, wákàtí méje ni ẹsẹ̀ kò ní í dúró, ọkàn kò sì ní í sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó bá jẹ àjọ ọjọ́ 30 sílẹ̀ tó fẹ́ san án l'ọ́jọ́ kan ṣoṣo, àfi kó ta ọjà rẹ̀ lópòò. Ẹsẹ̀ tí wọn kò dá àjọ fún ní Okota, ojú títì Badagry ni yóò ti ta orúnkún rẹ̀ lópòò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lé ní 30 ọdún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò mọ̀. Ìyẹn kò ní kó má gun kẹ̀kẹ́, àmọ́ dókítà ni yóò sọ bó ṣe máa gùn ún.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó dáa ti tó. Kó ṣáà ti ba ara mu. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi jù fún ni dà bí bàtà ẹlòmíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni gàárì. Wọn á gbé e wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tó ilẹ̀ dáadáa, orúnkún á sì ká dé igbá àyà bí wọ́n ti ń wà á. Ìyẹn ló ń ba orúnkún jẹ́. Kí ẹni tó jókòó lé e fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gàárì dára. Nígbà tó bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ wà á bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀, kò ní í le.

Ọ̀rọ̀ ìdí nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìdí máa ń dun ni ju ẹsẹ̀ lọ, ojú sì ń ti ọkùnrin láti sọ ọ́. Ṣòkòtò kan wà tí wọ́n fi tìmùtìmù sí ní ìdí fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Wọn kì í wọ pátá sí abẹ́ rẹ̀, torí ojú rírán pátá ló ń bó ara. Kí ó fi Vaseline pa ibi tí awọ ti ń ra awọ. Kí ó fọ ṣòkòtò náà ní gbogbo ìgbà tó bá lò ó tán. Bí egbò bá yọ, kí ó sinmi kó jinná. Egbò kékeré ìdí ti dá ọ̀pọ̀ alágbára padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ 24 ni kí ó fún ara rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù August, á gbéra nínú oṣù January tí òjò ti lọ, tí omi kò ní í kún Ago títí mọ́. Ọjọ́ Tuesday àti ọjọ́ Thursday, kí ó gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 45 ní ìdájí, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Àìkú ni ti ọ̀nà jíjìn, kìlómítà 20 ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bó bá wà á gba Ago Palace Way lọ sí Amuwo, tó wọ Festac, tó yí àwọn títì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n là síbẹ̀ fún àjọ̀dún 1977 ká, tó sì padà sílé, ó ti tó. Kìlómítà márùn-ún ni kó máa fi kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, kó dín in kù kí ara lè ráyè tún ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tó kù kó sinmi, torí ìgbà tí èèyàn bá sùn ni iṣan ń le, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í gba èyí gbọ́. Wọn á máa gùn ún lójoojúmọ́, tó bá di oṣù kejì wọn á ní ẹnì kan ń ṣe àwọn.

Kí ó má sáré. Bó bá ń lọ, kó lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ̀, eré ti pọ̀ jù. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní gíà, èyí tó fúyẹ́ ni kó lò, kí ẹsẹ̀ máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń tẹ gíà líle láti fi hàn pé ọkùnrin lòun, orúnkún rẹ̀ ni yóò bá a ṣẹjọ́.

Láti oṣù kẹrin, kí ó máa gùn ún ní Sátidé, kó tún gùn ún ní Àìkú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrìn Accra kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ máa ń sọ òtítọ́. Kó jí pẹ̀lú itan tó ń ro, kó tún jókòó lé gàárì, kó rí i pé lẹ́yìn ìdajì wákàtí ìrora yẹn ń lọ. Bí kò bá ti mọ èyí ní Okota, bó bá jí ní Kútọnu pẹ̀lú ìrora, á rò pé òun ti kú tán. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 22, kí kìlómítà 100 ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá ńkọ́? Ìyá tó ní kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni yóò máa jí sè, ẹ mọ ìyá.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Màámi, mi ò fẹ́ jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, inú á wúwo."

"Ẹ̀kọ ni mo ní kí o mu. Mu ún, kí o jẹ mọ́ín-mọ́ín kékeré yìí sí i. Ta ní ń fi inú òfìfo rin ìrìn àjò?"

Ó gbọ́n ju ọ̀pọ̀ kóòṣì lọ. Oúnjẹ tó rọ̀, wákàtí méjì kó tó gbéra. Lójú ọ̀nà, kó má dúró dìgbà tí ebi bá pa á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òùngbẹ pẹ̀lú, kó má dúró dè é. Bí oòrùn bá mú, á tó ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan. Àmọ́ omi lásán nìkan kò dára fún ẹni tó ń làágùn láti àárọ̀ d'ọ̀sán, torí iyọ̀ ń bá òógùn lọ. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ẹ ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, òun náà ni: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kó tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi Tramadol sílẹ̀. Ẹ fi paraga sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ó ń gbé agbára wọ ara. Kò gbé nǹkan kan wọ ara. Ó ń di etí ẹni kí ẹni má gbọ́ ohun tí ara ń sọ ni, àárín mọ́tò sì ni ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wà. Ẹni tí ibà bá mú, kó wà nílé títí ibà á fi lọ, kó sì bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú ìrìn kékeré. Ọ̀sẹ̀ kan tó sọnù kò ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀rọ̀ títì ló ń ba ìyá lẹ́rù jù lọ, ó sì tọ́ kó bà á. Ní 2022 ni ìjọba Èkó ṣòfin pé ọ̀kadà kò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Òfin náà kò kan kẹ̀kẹ́ ológeere. Àmọ́ awakọ̀ dánfó kò ka ìwé òfin, ohunkóhun tó bá ní táyà méjì, ọ̀tá rẹ̀ ni. Títì márosẹ̀ láti Cele lọ sí Mile 2, tí tírélà àti táńkà ń gbà lọ sí Apápá, kò yẹ fún ìdánrawò. Kí ó wà nínú Festac, kó wà nínú àdúgbò, ní ìdájí Àìkú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó tú síta. Ọjọ́ tó bá di dandan kó gba márosẹ̀, kí wọ́n pọ̀, kí mọ́tò kan tó tan iná máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Akoto lórí, iná pupa lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, aṣọ tó ń dán bí iná bá tàn sí i. Kó má fi nǹkan dí etí gbọ́ orin. Kó má ṣe wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tírélà láé, pàápàá ní kọ́nà, nítorí awakọ̀ tó wà lókè yẹn kò rí i, bó bá sì yí sí ọ̀tún, ó tán. Kó máa wo dánfó tó wà níwájú bí ẹni ń wo ejò: bí ẹnì kan bá nawọ́ létí títì, dánfó á já wọ ọ̀tún láì tanná. Bí wọ́n bá pọ̀, kí wọ́n tò ní ẹyọ kan, ẹni iwájú á máa kígbe "Kòtò!", ti ẹ̀yìn á máa gbà á. Ẹni tó tẹ̀ lé ẹlòmíràn lẹ́yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ja ìjà atẹ́gùn, nítorí náà kí wọ́n máa gba iwájú fún ara wọn. Atẹ́gùn òkun ọ̀nà Badagry kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá jà.

Kó sì tó ọ̀sẹ̀ 24, kí ó ti lọ jókòó ti ẹni tó ń lẹ táyà ní kọ́nà wọn, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ túùbù, bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì tó já, bí wọ́n ṣe ń fún búréèkì. Kápẹ́ńtà tó ti gba fúrídọ̀mù lè jókòó bí ọmọ iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí àbùkù níbẹ̀. Láàárín Grand-Popo àti Lomé, kò sí ọ̀gá tí yóò ké sí.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bàjẹ́. Ká ní ìyá kan l'ọ́jà sọ pé náírà 10 lòun máa san lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní 450 kìlómítà, 4,500 náírà ni. Bí ìyá 40 bá ṣe bẹ́ẹ̀, 180,000 náírà nìyẹn, láti ọwọ́ àwọn tí wọn kò pe ara wọn ní olówó. Ìyálọ́jà á bi í, ó sì yẹ kó bi í, "Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ta ni owó wa máa gbé?" Kó má ṣe gbé lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà. Kó lọ tààrà sínú àpò ẹgbẹ́ aláàánú náà ní báńkì, kí wọ́n fún oníkálukú ní rìsíìtì, kí akọ̀wé ọjà kọ ọ́ sínú ìwé. Owó kẹ̀kẹ́, owó oúnjẹ, owó ibùsùn ní Kútọnu, àpò kápẹ́ńtà ni wọ́n ti ń jáde, tàbí àpò ẹni tó bá sọ ọ́ ní gbangba pé tìtorí ìyẹn lòun ṣe dá a. Bó bá mú náírà kan nínú ti aláìsàn ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kó sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí òun bá dúró ní Lomé ńkọ́? Kí wọ́n san ti ibi tó dé. Ìwọ̀n tó gùn náà ni kó jẹ́wọ́. Ìdí nìyí tí oṣù mẹ́fà Okota fi jẹ́ gbèsè tó jẹ àwọn ìyá ọlọ́jà: wọ́n ti dá owó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń retí 450.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, kó dín ìrìn kù sí ìdajì, lẹ́yìn náà sí díẹ̀ báyìí. Ara á máa yún un, á rò pé agbára ń lọ. Kò lọ, ó ń kó jọ ni. Kó sùn. Kó tọ́jú páṣípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, àti rìsíìtì tó fi ra kẹ̀kẹ́, sínú ọ̀rá tí omi kò ní í wọ̀, torí wọ́n lè béèrè wọn ní Sẹ̀mẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Benin, Togo àti Gánà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́. Kó ṣẹ́ náírà díẹ̀ sí sẹ́fà. Ní Kútọnu, bó bá sọ Yorùbá l'ọ́jà, á rí ẹni dá a lóhùn. Kó tó dé Lomé, kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi ní Faransé.